Kámúṣáàfù Tuntun Nínú Ọkọ̀ Ọmọ Kí-lo-wí

Kí-lo-wí kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é lójú, Kí-lo-wí ni à ń pè é lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó jẹ́ pe orúkọ kejì yẹn níbi tó ti lè gbọ́. Èyí kò tilẹ̀ le, torí pé ibi tó ti lè gbọ́ ń dín kù lójoojúmọ́ ni. Nígbà tó yá, èèyàn lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an kó pè é bẹ́ẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Èmi ni mo ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lẹ́nu géètì ọgbà mẹkáníìkì yẹn. Ìyá Ọ́ìlì ni wọ́n ń pè mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju àga kan, tábìlì kan, àti pákó tí mo to gálọ́ọ̀nù lé lórí lọ, ṣùgbọ́n láti ibi tí mo jókòó sí, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà tí n kò rí, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ tí n kò gbọ́. Etí tèmi mú ṣáṣá. Ìgbà míràn wà tí mo máa ń rò ó pé ì bá sàn kó má mú tó bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń lo epo dísù ni iṣẹ́ Ọ̀gá, pàápàá àwọn píkọ́ọ̀pù tó ní tọ́bò, èyí tó máa ń fi tipátipá fẹ́ atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì tí á sì máa súfèé. Ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹlòmíràn ń tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Ariwo yẹn ló jẹ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni òkè ohùn àti ìsàlẹ̀ ohùn dàrú mọ́ra wọn létí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan wá sọ fún un pé ọkọ̀ obìnrin òṣìṣẹ́ báńkì kan ti dé. Ọ̀gá nu ọwọ́, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó jáde lọ kí ọkọ obìnrin náà. Kò bá ọkùnrin kankan níta. Ọkọ̀ ló bá, tí epo ń jò lára rẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ èdè wa: ẹni tí kò bá gbọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn mọ́, kí ló kù tó ń gbọ́?

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò tíì ṣàjèjì sí i. Ó ní sùkúdíráfà gígùn kan tó máa ń fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, á wá fi eyín di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, á pa ojú dé. Eegun àgbọ̀n rẹ̀ ló ń bá a gbọ́ ọ. Bó bá yọ ọ́ lẹ́nu, á ní fáàfù ni, tàbí nọ́sù ni, kì í sì í ṣìnà. Wọ́n fi ìyẹn náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní Ọ̀gá ń jẹ ọkọ̀ oníbàárà.

Ẹni tó sọ ọ́ ní Kí-lo-wí ni pánẹ́bítà, ẹni tó ń fi òòlù na ara ọkọ̀ tó bá ti rún. Èèyàn kúkurú ni, eyín rẹ̀ funfun, inú rẹ̀ kò sì funfun rárá. Á wá dúró síwájú Ọ̀gá, á máa mi ẹnu lásán láìjẹ́ kí ohùn jáde. Ọ̀gá á ní, "Kí lo wí?" Á tún mi ẹnu. Ọ̀gá á sún mọ́ ọn, á ní, "Kí lo wí?" Ó lè tó ìgbà márùn-ún kí gbogbo ọgbà tó bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá yíjú lójijì, ó rí gbogbo wọn tí wọ́n di inú mú. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ lè pa á, kò ní bi ẹnikẹ́ni pé kí lo wí mọ́. Ohun tí kò bá gbọ́, á fi orí dáhùn rẹ̀, tàbí kó rẹ́rìn-ín, tàbí kó ṣe bó ṣe rò ó.

Ni eré bá yí padà. Pánẹ́bítà á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni ń gbàdúrà, ojú rẹ̀ á kún fún ẹ̀rín, á ní, "Ọ̀gá, ẹ kò ní pẹ́ nínú ọgbà yìí mọ́ o!" Ọ̀gá á rí ọwọ́ tó gbé sókè, á rí ẹ̀rín, á ní, "Àmín o, ọmọ mi. Ìwọ náà á rí i bẹ́ẹ̀." "Etí tó kù á di pátápátá!" "Àmín, àmín. Ọlọ́run á gbọ́." Inú bí mi lọ́jọ́ kan, mo ní kí pánẹ́bítà fi ẹnu rẹ̀ sí apá kan. Ó ní, "Ìyá Ọ́ìlì, ṣé ẹ ò fẹ́ kí n máa gbàdúrà fún àgbà ni?"

Nílé kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lọ kí wọn ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan. Pálọ̀ kékeré ni, ó mọ́ tónítóní, àga tí wọ́n fi aṣọ bò, tẹlifíṣọ̀n tí ń ṣiṣẹ́ láìní ohùn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í gbágbáágbá, ó ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Òun náà rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jókòó bí àpò sìmẹ́ńtì. Ògiri ni mo fẹ́, mi ò kàn tètè mọ̀ ni." Ọ̀gá gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó ní kó bá òun kí àbúrò rẹ̀ dáadáa. Ìyàwó ní, "Ó ní kí n kí ọ," ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mo mu omi tí wọ́n gbé fún mi, mo dìde.

Èèyàn méjì péré ni n kò rí kó fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀kan ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì lọ fún àwọn tó ń kọ́lé lórí òkè. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ náà. Ojú rẹ̀ le, kì í rẹ́rìn-ín ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n bó bá dé, á lọ dúró síwájú bàbá rẹ̀, á jẹ́ kí ó rí ẹnu òun, á sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kejì ni Àbúrò, ọmọ ìyá Ọ̀gá, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà. Bí gbogbo ọgbà bá ń rẹ́rìn-ín, Àbúrò á máa to sípánà rẹ̀ ni. Mo rò pé àánú ló ń ṣe é. Ẹ ò rí i pé orí mi kò pé?

Ohun tí Àbúrò ń fẹ́ kò fara sin. Ó fẹ́ kí Ọ̀gá lọ jókòó sílé kí ọgbà di tòun. Ó máa ń sọ ọ́ fún wa jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn: "Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ wo bó ṣe ń tiraka." Lọ́jọ́ tó kígbe ọ̀rọ̀ náà sí Ọ̀gá létí, lójú gbogbo wa, Ọ̀gá dúró, ojú rẹ̀ yí padà. Ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń yọ èéfín dúdú, kò lè fa ẹrù gun òkè mọ́. Ọ̀gá na ọwọ́ sí i.

Ó ní, "Ẹ wo ọkọ̀ yìí. Kámúṣáàfù tó wà nínú rẹ̀ ti jẹ. Tuntun tó le jù ú lọ ni mo máa fi sí i, ọwọ́ mi yìí ni mo sì máa fi ṣe é. Bí ẹ́ńjìnnì bá dún bó ṣe yẹ kó dún, kí ẹnikẹ́ni má pe ilé sí mi létí mọ́. Bí kò bá dún dáadáa, mo máa bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ mi síbí yìí, mi ò ní padà wá."

Pánẹ́bítà gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ ó bọ́ ọ o!" Ọ̀gá ní, "Àmín."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí kámúṣáàfù jẹ́, bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi náà. Irin gígùn kan ni tó dùbúlẹ̀ lókè ẹ́ńjìnnì, tó ní gọ́ngọ́ gọ́ngọ́ lára. Bó ṣe ń yí ni àwọn gọ́ngọ́ náà ń ti fáàfù ṣí, tí ẹ́ńjìnnì fi ń rí atẹ́gùn mí sí. Gọ́ngọ́ méjì nínú ti ọkọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Èyí tí ọmọ rẹ̀ lọ wá rà, irin rẹ̀ le, gọ́ngọ́ rẹ̀ sì ga sí i, kí ẹ́ńjìnnì lè mí kanlẹ̀ bí ẹrù bá pọ̀. Ọ̀gá gbé e lé ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé, "Ìró rẹ̀ máa yàtọ̀ o. Ọkọ̀ máa gbọ̀n díẹ̀ tí ẹ bá ṣíná. Bí irú kámúṣáàfù yìí ṣe ń ṣe nìyẹn, kí ẹ má bẹ̀rù."

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹnì kan á wà lókè, ẹnì kan á wà lábẹ́ ọkọ̀. Ẹni òkè á gbé kámúṣáàfù sójú àyè rẹ̀, á fi jíà rẹ̀ sí i níwájú, á wá fi ọwọ́ lásán yí bóòtù ńlá tó di jíà náà mú wọlé. Kò ní tíì fi sípánà kàn án, torí pé bí ẹni ìsàlẹ̀ kò bá fi irin há ẹ́ńjìnnì, gbogbo rẹ̀ á kàn máa yí ni. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá há a tán, á kígbe pé, "Dè é!" Ẹni òkè á fi sípánà gígùn dè é pinpin, á dáhùn pé, "Mo ti dè é." Ẹni ìsàlẹ̀ á yọ irin rẹ̀, á kígbe lẹ́ẹ̀kejì pé, "Dé e!" Ìgbà náà ni ẹni òkè tó máa gbé ìdérí lé e. Dè é, lẹ́yìn náà dé e. Ọ̀gá ló kọ́ Àbúrò bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

Àbúrò ló bá a ṣe é, ó ní òun kò lè jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun nìkan máa jìyà. Látàárọ̀ ló ti ń ràn án lọ́wọ́ láìjẹ́ pé Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́. Bí Ọ̀gá bá yíjú báyìí, Àbúrò ti bá a de bóòtù kan. Bó bá lọ mu omi, á bá páìpù kan tí wọ́n ti fi sípò. Mo rí i pé ó ń dun Ọ̀gá. Èèyàn kì í fẹ́ kí wọ́n máa bá òun wẹ ọwọ́.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá fi jíà sí kámúṣáàfù, ó fi ọwọ́ yí bóòtù ńlá yẹn wọlé, ó dúró de ìgbe. Bí oníbàárà kan ṣe wọlé nìyẹn, tó ní àfi kí òun rí i. Ọ̀gá lọ bá a lẹ́nu géètì, wọ́n pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó padà, ó bá Àbúrò tó dúró sórí ẹ́ńjìnnì tó ń fi àkísà nu ọwọ́. Àbúrò wò ó, ó tún wọ abẹ́ ọkọ̀. Pánẹ́bítà ń lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan lọ́wọ́ nítòsí, gbà, gbà, gbà. Láti abẹ́ ọkọ̀ ni Àbúrò ti kígbe.

Ó ní, "Ẹ dè é!"

Mo gbọ́ ọ ketekete. Dè é ló wí, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé sípánà, ó sì gbé e kúrò. Ó wo ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Àbúrò nìkan ló rí, ẹsẹ̀ kì í sì í sọ̀rọ̀. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ là. Mo mọ ohun tó fẹ́ béèrè. Àkókò yẹn gan-an ni pánẹ́bítà dá òòlù dúró, ó gbójú sókè, ó ń wò ó, ẹ̀rín ti ń yọ bọ̀ léyín rẹ̀. Ọ̀gá pa ẹnu dé. Ó wo bóòtù, ó wo àkísà tí Àbúrò fi nu ọwọ́. Ó dá mi lójú pé ohun tó rò ni pé Àbúrò ti tún bá òun dè é bó ṣe bá òun de àwọn yòókù, pé ìdérí nìkan ló kù. Ó gbé ìdérí, ó fi lé e, ó de àwọn bóòtù ìdérí náà yíká dáadáa, ó rọra nu eruku orí rẹ̀.

Ó ní, "Mo ti dé e!"

Dé. Bí ẹni dé ìkòkò. Kò ní dè.

Abẹ́ ọkọ̀ dákẹ́. Ó dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni Àbúrò ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n." Ó yọ irin rẹ̀, ó jáde, ó nàró, ó sì rí ìdérí tí òun kò tíì ní kí wọ́n gbé lé e. Ọ́ìlì ni mo ń tà, n kò mọ̀ nípa bóòtù nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó wo ìdérí yẹn, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́bàá táǹkì.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n dán an wò. Gbogbo ọgbà ló pé jọ, títí kan àwọn tí kò ní ọkọ̀. Ọmọ Ọ̀gá dé láàárọ̀, ó ti bá àwọn tó ń kọ́lé ṣe àdéhùn pé búlọ́ọ̀kù ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ṣíná. Ẹ́ńjìnnì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbọ̀n díẹ̀ bó ṣe sọ, ìró rẹ̀ sì kún. Ọ̀gá fi sùkúdíráfà rẹ̀ kàn án, ó fi eyín dì í mú, ó pa ojú dé níwájú gbogbo wa láìtijú. Nígbà tó yọ ọ́ lẹ́nu, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pàtẹ́wọ́. Kò sí irọ́ níbẹ̀: lákòókò yẹn, ẹ́ńjìnnì náà dára. Ọmọ rẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wọ iwájú ọkọ̀, ó jókòó, ó ti wíńdò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iná. Ó tẹ ẹ́ díẹ̀, ó tún tẹ ẹ́ sí i. Tọ́bò súfèé. Ìgbà tó tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ẹ́ńjìnnì, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń mi òkúta nínú agolo. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Àní ẹni tó ń kọjá lójú títì dúró.

Ẹnì kan kígbe, "Ẹ pa á! Ẹ pa iná!" Gbogbo wa bá a kígbe. Ọmọ rẹ̀ sáré lọ síwájú ọkọ̀, ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jù wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọ̀gá ń wò wá láti inú gíláàsì. Ó rí wa tí a ń fò sókè, tí a la ẹnu, tí a ń ju ọwọ́. Ọkọ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, ó sì ti sọ fún wa pé á gbọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín. Ó juwọ́ sí ọmọ rẹ̀. Ó rò pé a ń bá òun yọ̀. Ó tẹ iná náà kanlẹ̀.

Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kígbe "ẹ pa á", wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ́ńjìnnì ké gbàà, ó sì kú. Ibi gbogbo dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀gá ṣì jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tẹ iná, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kó tó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú ọkọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń gbọ̀n. Ìgbà náà ni ẹ̀rín náà lọ, tó sì sọ̀ kalẹ̀.

Àbúrò ló ṣí ìdérí. Bóòtù ńlá yẹn ti tú pátápátá, ó wà nísàlẹ̀ láàárín ọ́ìlì. Jíà ti yẹ̀, ṣéènì ti fò, fáàfù àti písítìn ti kọlu ara wọn. Àbúrò gbé bóòtù náà sókè kí gbogbo ayé lè rí i, ó sì kígbe sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí pé, "Mo ní kí ẹ dè é! Ẹ ò dè é!"

Ọ̀gá wo ẹnu rẹ̀. Ó ní, "O ní kí n dé e."

"Dè é ni mo wí! Ẹ bi gbogbo wọn!"

Gbogbo wọn ní dè é ló wí. Kí ni kí wọ́n sọ? Òótọ́ ni. Pánẹ́bítà sín Ọ̀gá jẹ, ó ní, "Dè é, dé e, dé e, dè é," wọ́n sì tún bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́nu, ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ó wá bá mi.

Ó ní, "Ìyá Ọ́ìlì, ẹ̀yin wà níbí. Nígbà tí Bàbá mi dá àbúrò wọn lóhùn, kí ni Bàbá mi ní?"

Mo ní, "Ó ní, 'Mo ti dé e.'"

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Bí ọmọ tí mo bí ṣe dá mi lójú."

Ó yíjú sí Àbúrò. Bàbá rẹ̀ dúró láàárín wọn, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí àlejò tí kò gbọ́ èdè. Wọn kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá Kékeré, ẹ gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ pé wọ́n ní 'dé e'."

"Ohùn adití lo fẹ́ fi jẹ́rìí?" Àbúrò ń fi àkísà nu bóòtù náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Òkè ni, ìsàlẹ̀ ni, bó bá ṣe bọ́ sí i lẹ́nu ló ń sọ ọ́. Èèyàn ló ń bá a túmọ̀ rẹ̀. Èmi túmọ̀ rẹ̀ sí dè é."

"Ẹ jáde, ẹ rí ìdérí."

"Mo rí i."

"Ẹ ò sọ̀rọ̀."

"Ṣé kí n máa kọ́ Ọ̀gá níṣẹ́ ni? Òun ló kọ́ mi." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Ó yẹ kó ti lọ sílé tipẹ́. Mo fi ẹnu sọ ọ́, kò gbọ́. Mo kígbe rẹ̀, kò gbọ́. Ẹ́ńjìnnì ló wá bá mi sọ ọ́."

Mo retí pé ọmọ náà máa fọ́ ọ létí. Èmi ì bá fọ́ ọ. Ó kàn dúró, ó ń wo ọkọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn ládùúgbò wa tó lè ṣí irú ẹ́ńjìnnì yẹn kó sì dì í padà. Èèyàn méjì ló mọ̀ ọ́n, ọ̀kan kò sì gbọ́ràn mọ́. Àwọn tó ń kọ́lé lórí òkè kò ní dúró dè é, ọkọ̀ tó ń kó búlọ́ọ̀kù pọ̀ nígboro. Àbúrò náà mọ gbogbo èyí. Ó na ọwọ́.

Ó ní, "Fáàfù ti tẹ̀, ṣùgbọ́n kámúṣáàfù kò ṣe nǹkan kan. Mo lè tún un ṣe. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Ọmọ náà yọ kọ́kọ́rọ́ nínú ọkọ̀, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Ọ̀gá rí ìyẹn. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yẹn, kọ́kọ́rọ́ tó ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì nìkan ló yé e. Ó rò pé ọmọ òun ti bẹ Àbúrò, pé Àbúrò sì ti gbà láti gbà á sílẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì kan lẹ́yìn ìkejì, ó ká a, ó gbé e sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ bá Àbúrò, ó sì kúnlẹ̀ fún un lórí ọ́ìlì tó dà sílẹ̀. Àgbàlagbà yẹn kúnlẹ̀ fún ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn.

Ó ní, "Ẹ má bínú. Etí mi ti lọ. Ó ti pẹ́ tó ti lọ, ojú ló ń tì mí láti sọ. Ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí ọmọ mi jìyà ohun tí mo ṣe."

Ẹ ló ń pè é. Àbúrò rẹ̀ ló ń pè ní ẹ.

Àbúrò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹnu sí i létí gan-an, ó fi ohùn dídùn kígbe pé, "Kò sí wàhálà, ẹ̀gbọ́n! Èèyàn lè ṣe àṣìṣe!" Ọ̀gá gbọ́ ìyẹn, ó sì ń mi orí, ó ń dúpẹ́.

N kò lè gbà á mọ́ra. Mo dìde lórí àga mi, mo la ẹnu láti sọ òótọ́ fún un, kódà kí n fi ìka kọ ọ́ sórí eruku ọkọ̀ fún un. Ọmọ rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ mi mú. Kò wò mí, Àbúrò ló ń wò, àti kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ọ́ìlì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ọkọ̀ mi ṣe."

Ó dì mí mú bẹ́ẹ̀ títí bàbá rẹ̀ fi dìde.